Ibi Tí «Pas» Jókòó Sí

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè Faransé tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ. «Pas» ni wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kì í pe lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ̀. «Pa» ni etí ń gbọ́. Iṣẹ́ tí «kò» ń ṣe nínú èdè Yorùbá ni òun náà ń ṣe: ó ń sọ pé ohun kan kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrò ní ààyè rẹ̀, gbólóhùn lè dojú rú. Bí ó bá sì bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú, ó lè sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní lọ́kàn rárá. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀kọ́ nípa ibi tó yẹ kí «pas» àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí tóbi ju ẹ̀kọ́ ìdánwò lọ. Ní ìlú tiwa, ní ọdún kan tó le, ó di ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń sọ òtítọ́ nípa ohun tó ti kọjá.

Ọmọ ìlú méjì ni mí. Ìlobùú ni bàbá mi ti wá, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ìyá mi ti wá. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí yóò ti gba àárín àwọn ìlú méjèèjì kọjá. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Orólù. Olóbùú ni orúkọ oyè ọba tiwa ní ìdílé bàbá, Olúfọ́n ni ti ìdílé ìyá. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ Erinlẹ̀, Ìlobùú ni ọkàn wọn ń lọ. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ Òrìṣà-ńlá, wọn kì í yọ Ìfọ́n sílẹ̀. Àwọn ará ìlú méjèèjì ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń kí ara wọn kú ìnáwó. Nínú kíláàsì wa, a kì í mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ibí àti ẹni tó jẹ́ ọmọ ọ̀hún, àfi bí olùkọ́ bá ka orúkọ ìdílé jáde.

Àwọn òbí kan máa ń béèrè pé kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ fi Faransé ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀, Benin, Niger, Chad àti Cameroon, kò sí èyí tí Faransé kò wọ̀. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Bí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ṣe bọ́ sí ọwọ́ Faransé nìyẹn, tí àwa bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ èdè náà lè máa lọ gbé ibẹ̀ fún ìgbà kan. Ní ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè kejì tí Nàìjíríà yóò máa fi ṣe ìjọba. Kódà ká má tíì kúrò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ lọ sí Èjìgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, débi pé bí èèyàn bá dúró ní ọjà wọn, ó lè gbọ́ kí wọ́n máa fi Faransé ná ọjà bí ẹni pé Yorùbá ni.

Ọmọ Kétu ni olùkọ́ tó ń kọ́ wa. «Monsieur» ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí wa ń pè é. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n òwe rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe afárá sí Faransé. Yorùbá ló máa ń fi ṣe é. Ó ní ẹni tó fẹ́ lọ sí Kétu láti Ìlobùú, kí ló ń wá dé London?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí Faransé bá fẹ́ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń lò. Èkíní ni olùrànlọ́wọ́, èyí tó jẹ́ «avoir» tàbí «être» ní ìrísí tó bá olùwà gbólóhùn mu. Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tí a ṣe. «J'ai mangé»: mo ti jẹun. «Ma mère est allée à Ifon»: ìyá mi lọ sí Ìfọ́n. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Monsieur kọ «ai» sí ara ìwé kan, ó fi lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Ó kọ «mangé» sí òmíràn, ó fi lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n dúró síwájú, kí wọ́n fi ààyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé tí ó kọ «pas» sí, ó ní, «Ta ló mọ ibi tí èyí yóò dúró?» Ààyè tó ṣófo yẹn ni ibẹ̀. «Je n'ai pas mangé.» «Ne» á lọ síwájú olùrànlọ́wọ́, «pas» á wọ àárín. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kékeré bá wà ńbẹ̀, «ne» á ṣíwájú rẹ̀: «Je ne l'ai pas vu», n kò rí i.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ á béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe iṣẹ́ tí «kò» kan ṣoṣo ń ṣe fún wa. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Láyé àtijọ́, «ne» nìkan ni Faransé fi ń sọ pé ohun kan kò rí bẹ́ẹ̀. «Pas» kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyísódì rárá nígbà náà. Ìṣísẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, títí dòní ni ó sì ṣì ń jẹ́ ìṣísẹ̀. Wọ́n á ní àwọn kò rin ìṣísẹ̀ kan, bí àwa náà ṣe máa ń ní a kò gbọ́ gbìn-ín, a kò rí eépìnnì. Wọ́n tún ń lo èérún búrẹ́dì, wọ́n ń lo ẹ̀kán omi, láti fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ìṣísẹ̀ borí àwọn yòókù, ó di alábàáṣe «ne» nínú gbólóhùn gbogbo. Lónìí, bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ní Kùtọnu tàbí ní Abidjan, wọ́n máa ń gbé «ne» jù sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á ní «J'ai pas vu». Ẹni tó wá ṣèrànwọ́ ti di onílé. Monsieur ní ká má ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ká má ṣe jẹ́ kó yà wá lẹ́nu bí a bá gbọ́ ọ.

Láti orí «pas», a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé Faransé le. Ìlànà rẹ̀ ni pé àwọn àpọ́nlé kúkúrú tí a ń lò lójoojúmọ́ máa ń wọ àárín olùrànlọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi kan náà tí «pas» ń wọ̀. «J'ai bien mangé», mo jẹun dáadáa. «Il a déjà mangé», ó ti jẹun ná. «Elle a beaucoup parlé», ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni «mal», «trop», «souvent», «toujours» àti «encore». Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọjọ́, àkókò tàbí ibi kì í wọ àárín. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dúró, tàbí kí wọ́n lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pátápátá: «Elle est arrivée tard», «Hier, j'ai mangé ici». Púpọ̀ nínú àwọn gígùn tó parí sí «-ment», tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan, náà máa ń dúró lẹ́yìn: «Il a parlé lentement».

Nígbà tí ọmọ kan ráhùn pé ìlànà náà kò lórí kò nídìí, Monsieur ní kó sọ «ó tètè dé» fún òun, kó sì gbé «tètè» lọ sẹ́yìn. Ọmọ náà ní, «Ó dé tètè.» Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Monsieur ní kó tún sọ «ó jẹun dáadáa», kó gbé «dáadáa» wá síwájú. Ọmọ náà kàn dákẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé èdè tiwa náà pín àwọn àpọ́nlé rẹ̀ sí agbo méjì. «Tètè», «ṣẹ̀ṣẹ̀», «tún», «sábà» àti «dìídì» kò lè dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Iwájú rẹ̀ ni ibùjókòó wọn. «Dáadáa», «gan-an», «kíákíá», «lánàá» àti «níbí» ń jókòó lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Láti ẹ̀yìn ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ, tí ó fi mọ́ wa lára. Ọmọ Faransé náà gbọ́ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn ìyá tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tún sọ pé Faransé ni kò lórí.

Ọ̀rọ̀ wá di èyí tó le nígbà tí ìyísódì àti àpọ́nlé bá pàdé nínú àárín kan ṣoṣo. Èwo ni yóò ṣíwájú? Ó sábà máa ń jẹ́ «pas»: «Je n'ai pas bien mangé», n kò jẹun dáadáa. «Il n'a pas encore mangé», kò tíì jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn àpọ́nlé kan wà tó lè ṣíwájú «pas», tó sì tún lè tẹ̀lé e, ìtumọ̀ á sì yí padà. «Je n'ai pas vraiment dormi»: mo sùn díẹ̀, kì í kàn ṣe oorun gidi. «Je n'ai vraiment pas dormi»: lóòótọ́, n kò fojú kan oorun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnì kan náà ló sọ ọ́. Ìjókòó ló yàtọ̀.

Mo ti mọ gbogbo èyí dé ìwọ̀n kan kí ọdún 2025 tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ìjà lórí ilẹ̀ tó ti pẹ́ láàárín àwọn ìlú wa tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, ní Ìlobùú àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. N kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi, nítorí pé n kò rí i, àti nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìlú méjèèjì ló wà lára mi. Ohun tí mo lè sọ ni bó ṣe rí nínú ilé wa. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, kò sì dá iná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ìfọ́n, máa ń wá sí ilé wa ní ọjọ́ Sátidé gbogbo. Á gbé mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé pọ́n wá, á jókòó ti ìyá mi títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà mìíràn á sùn mọ́jú. Sátidé àkọ́kọ́ kọjá, a kò rí i. Ìkejì kọjá.

Nígbà tí àwọn èèyàn bá pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n á béèrè Màmá Ìfọ́n. Mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní, «Wọn kò tíì wá.» Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ní, «Wọn kò wá mọ́.» Ọ̀rọ̀ kékeré ni «tíì», ọ̀rọ̀ kékeré ni «mọ́», ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ èkejì, àyà mi já. Èkíní ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Èkejì tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n ní Faransé sẹ́yìn ìwé mi, nítorí pé kò sí iléẹ̀kọ́, ọwọ́ mi sì ṣófo. «Elle n'est pas encore venue.» «Elle n'est plus venue.» Mo tún kọ ẹ̀kẹta tí n kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ láé, èyí tí ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìjà yìí lè máa sọ: «Elle n'est jamais venue», kò wá rí. Nínú Yorùbá, «tíì» ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, «mọ́» àti «rí» ń jókòó sí òpin. Nínú Faransé, «pas encore», «plus» àti «jamais» ló ń bọ́ sí àárín. Ibi tí ìlànà náà yàtọ̀ nìyẹn. Ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ohun mìíràn tó gba ìlú kan ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àhesọ. Ọ̀rọ̀ ń rìn láti orí fóònù dé orí fóònù, ó sì ń pàdánù «kò» rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹnì kan á ní wọ́n sọ pé kí àwọn èèyàn má jáde. Nígbà tó bá dé etí ẹnì kẹta, á ti di pé wọn kò sọ pé kí àwọn èèyàn jáde. Ẹ wò ó dáadáa, ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀. Èkíní jẹ́ àṣẹ. Èkejì jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Faransé pààlà sáàárín wọn kedere: «On nous a dit de ne pas sortir», wọ́n ní ká má jáde. «On ne nous a pas dit de sortir», wọn kò ní ká jáde. Bí ìyísódì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò tíì ṣe, «ne pas» á so pọ̀ síwájú rẹ̀; bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tó ti kọjá, á la olùrànlọ́wọ́ sáàárín. Èdè tiwa náà ní ọ̀nà tirẹ̀, «má» fún èkíní, «kò» fún èkejì. Ẹni tó bá sáré pín ọ̀rọ̀ kiri láìwo èyí tó wà ńbẹ̀ lè fi ẹ̀mí èèyàn wéwu.

Nígbà tí a padà sí iléẹ̀kọ́, kíláàsì wa dákẹ́. Àwọn tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n jókòó sí apá kan, àwọn ọmọ Ìlobùú jókòó sí apá kejì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ iléẹ̀kọ́ náà. Èmi kò mọ apá tí mo máa jókòó sí, mo bá jókòó sí àárín, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Monsieur wọlé, ó wò wá, kò sọ nǹkan kan nípa ìjókòó wa. Ó ní kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn márùn-ún ní àkókò tó ti kọjá nípa àwọn ọjọ́ tí a fi wà nílé. Òfin kan ṣoṣo ni ó fún wa: kí ẹnikẹ́ni má kọ ohun tí kò rí.

Òfin náà le ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kí la rí? Àwọn ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún «Je n'ai rien vu» àti «Je n'ai vu personne». Monsieur lo àǹfààní yẹn. Ó kọ méjèèjì sí ojú pátákó, ó ní ká wo ibi tí «rien» àti «personne» wà. «Rien» wọ àárín bí «pas». «Personne» kò wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó dúró. «Nulle part», tó túmọ̀ sí «kò sí ibì kankan», náà ń dúró lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí «personne» bá jẹ́ olùwà, iwájú ni yóò wà: «Personne n'est venu», ẹnikẹ́ni kò wá. Ó wá bi wá léèrè bí Yorùbá ṣe ń ṣe irú èyí. Ó kọ «Bàbá mi kò lu ọmọ náà», ó tún kọ «Kì í ṣe bàbá mi ló lu ọmọ náà». Ó ní, «Nínú èwo ni wọ́n ti lu ọmọ?» Gbogbo wa mọ̀ pé nínú èkejì ni. Ó ní ibi tí a gbé ìyísódì sí ni a fi ń mọ ohun tí a ń sẹ́ àti ohun tí a gbà. Ẹni tó ń jẹ́rìí níwájú ọba tàbí níwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Gbólóhùn tó dá awuyewuye sílẹ̀ wá láti ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó jókòó sí apá Ìlobùú. Ó kà á sókè: «Nous n'avons toujours pas vécu en paix.» Ọmọbìnrin kan dìde láti apá Ìfọ́n, ó ní irọ́ ni. Ọmọkùnrin náà ní òtítọ́ ni, pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ̀. Ariwo sọ. Monsieur dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá ní kí ọmọkùnrin náà sọ ohun tó ní lọ́kàn ní Yorùbá. Ọmọkùnrin náà ní, «Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a wà ní àlàáfíà.» Monsieur yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó bi í pé kí ló gbọ́. Ọmọbìnrin náà ní, «Mo gbọ́ pé títí di òní, a kò tíì wà ní àlàáfíà rí.»

Monsieur kọ gbólóhùn kejì sí abẹ́ àkọ́kọ́: «Nous n'avons pas toujours vécu en paix.» Ọ̀rọ̀ kan kò lé, ọ̀kan kò dín. «Pas» àti «toujours» kàn gba ìjókòó ara wọn ni. Nínú èyí tí «toujours» ṣíwájú, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Nínú èyí tí «pas» ṣíwájú, «gbogbo ìgbà» ni a ń sẹ́. Ìgbà míì wà tó rí bẹ́ẹ̀, ìgbà míì wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ sọ pé ìjà ni gbogbo ìtàn wa. Ìkejì sọ pé a ti jà, a sì ti gbé pọ̀.

Ó bi wá pé èwo ló jẹ́ òtítọ́. Kò sí ẹni tó tètè dáhùn. Mo nawọ́ sókè, mo dìde, mo ní ìkejì ni, nítorí pé bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ òtítọ́, wọn kì bá tí bí mi. Bàbá mi kì bá tí rí ọ̀nà dé Ìfọ́n láti lọ tọrọ ìyá mi, wọn kì bá sì tí gbé iṣu ìdána kọjá ààlà. Mo jókòó. Ọmọkùnrin náà mú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí gbólóhùn àkọ́kọ́, ó kọ ìkejì. Ọmọbìnrin tó pè é ní òpùrọ́ náà kọ ọ́ sínú tirẹ̀. N kò ní parọ́ pé gbogbo wa dìde, a sì lọ dì mọ́ ara wa ní ọjọ́ náà. A kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹni méjì wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì àárín, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan.

Màmá Ìfọ́n wá ní Sátidé kan lẹ́yìn tí ọ̀nà ti ṣí. Kò gbé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò dìde kíákíá. Màmá Ìfọ́n náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi ní, «Ẹ káàbọ̀, ìyá wa,» ó lọ ra mínírà wá fúnra rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá Ìfọ́n ní òun fẹ́ máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá òun ní ọ̀nà. Lálẹ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi: «Elle est enfin venue, mais elle n'est pas restée longtemps.» Ó wá nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. «Enfin» wọ àárín, «longtemps» dúró sẹ́yìn, «pas» wà ní ààyè rẹ̀. Gbólóhùn náà pé, òtítọ́ sì ni látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àkókò tó ti kọjá ní Faransé, ẹ má ṣe há a sórí fún ìdánwò kẹ́ ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn nípa ilé yín àti ìlú yín, kí ẹ sì gbé «pas» káàkiri láti wo ohun tó yí padà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa fi Yorùbá ṣe afárá. Èdè tí a gbọ́ láti ẹ̀yìn ìyá wa kì í ṣe ìdènà fún èdè mìíràn. Ẹ̀yin òbí wa, àwọn ìtàn ìjà tí ẹ ń sọ fún wa ní alẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi «kì í ṣe gbogbo ìgbà» sí i. Ẹ sọ ti ìyàwó tí wọ́n fẹ́ ní òdìkejì fún wa, ẹ sọ ti ọjà tí wọ́n jọ ná, ẹ sọ ti ẹni tó fi ènìyàn pamọ́ sínú yàrá rẹ̀ nígbà tí ìjà le. Àwa tí a kò tíì bí nígbà náà ni a ó gba ìtàn náà, bí ẹ bá sì ṣe tò ó fún wa ni àwa náà ó ṣe tò ó fún àwọn ọmọ wa.